Àpò ìyókù wúùlù tí wọ́n ń tà lẹ́bàá Òkè-Àjẹ́, Ìjẹ̀bú-Òde: ṣé ó tó owó ẹ̀?

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kí àwọn tí ò ní sùúrù lè máa bá tiwọn lọ: ó tó owó ẹ̀, ó tiẹ̀ tó o dáadáa, tó bá jẹ́ pé ǹkan kéékèèké lẹ fẹ́ fi hun tí ẹ sì lè mọ wúùlù kan yàtọ̀ sí ìkejì. Tó bá jẹ́ gáùn tàbí báàgì ńlá lẹ ní lọ́kàn, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú, ẹ ra báálù tuntun tí àwọ̀ ẹ̀ bára mu.

Fún ẹni tí ò bá mọ ibi tí mò ń sọ, ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ni, lára àwọn tó kọjú sí títì lẹ́bàá ọjà Òkè-Àjẹ́, níbi tí wọ́n ti ń ta òwú, bọ́tìnì, síìpù àti àwọn ǹkan téélọ̀. Mi ò ní dárúkọ o, torí mo ní ẹjọ́ díẹ̀ láti rò lórí ọjà wọn. Ìyá tó ni ṣọ́ọ̀bù ń hun kíróṣè fúnra ẹ̀, ó láwọn ọmọ iṣẹ́, wúùlù yòówù tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn iṣẹ́ oníṣẹ́ ni wọ́n máa ń kó sínú ọ̀rá funfun, wọ́n á dì í lẹ́nu, wọ́n á so ó kọ́ síbi ilẹ̀kùn. ₦2,000 ni ọ̀rá kan. Ìwọ̀n tí mo fi ń wọn fúláwà ni mo gbé tèmi lé nígbà tí mo délé, ó lé díẹ̀ ní 300 gíráàmù, bẹ́ẹ̀ báálù tuntun tó jẹ́ 100 gíráàmù nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn kan náà ń lọ sí ₦2,500, ẹ̀yin náà ẹ ṣírò ẹ̀. Ìjẹ̀bú ni wá, a fẹ́ràn àríyá lóòótọ́, àmọ́ a mọ owó kà.

Mo tú u sórí ẹní. Àwọn kan wà tó ṣì wé róbótó tó kún ọwọ́, àwọn kan ò sì ju ìwọ̀n ìka mẹ́ta lọ, àwọn tó kù ti lọ́ mọ́ra wọn débi pé èèyàn ò mọ orí ò mọ ìdí, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ àsìkò máa ń lọ sí, ẹ jókòó síwájú fíìmù kan kẹ́ ẹ máa tú u díẹ̀díẹ̀, ẹ má fà á tagbáratagbára torí kókó á kàn máa le sí i ni. Ẹni tí kì í ní sùúrù má ra ọjà yìí o.

Àmọ́ àwọ̀! Àwọ̀ ló mú mi padà lọ. Ẹ mọ̀ pé ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, gbogbo régbérégbé (àwọn ẹgbẹ́ tí ọjọ́-orí wọn sún mọ́ra) ló sì ní àwọ̀ tiwọn lọ́dọọdún, àwọn ìyá kan á ní àwọn fẹ́ pọ́ọ̀sì tó bá aṣọ ẹgbẹ́ mu, òmíràn á fẹ́ fìlà fún ọmọ-ọmọ ẹ̀, nítorí náà tí Iléyá bá ti kọjá báyìí, ọ̀rá ìyókù wọn máa ń kún fún àwọn àwọ̀ tó rẹwà gan-an, wáìnì, góòlù, àwọ̀ ewé tó jinlẹ̀, búlúù tí mi ò mọ orúkọ tí mo lè pè é. Láàárín ọdún, funfun àti píǹkì tí wọ́n fi ń hun sọ́ọ̀sì àti fìlà ọmọ tuntun ló máa ń pọ̀ jù. Ẹni tó bá fẹ́ gbádùn owó ẹ̀ kó lọ lọ́sẹ̀ kejì lẹ́yìn Ojúde Ọba, kó tó di pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Ìjagun tó ń hun kíí họ́dà tà kó o lọ tán.

Ẹjọ́ mi wá rèé. Gbogbo ẹ̀ ni wọ́n dà pọ̀. Kọ́tìn, ákírílíìkì (èyí tí wọ́n fi nǹkan bí ike ṣe), mílíkì kọ́tìn tí àwọn ọmọ ìwòyí fi ń hun tọ́ọ̀pù (òun náà àdàlù ló sábà máa ń jẹ́ o, ẹ má jẹ́ kí orúkọ tàn yín), gbogbo ẹ̀ nínú ọ̀rá kan ṣoṣo láìsí lébẹ́ẹ̀lì kankan. Tẹ́ ẹ bá bi àwọn ọmọ iṣẹ́, "wúùlù ni mà" ni wọ́n á fi dá yín lóhùn. Ẹni tó ń hun òdòdó tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ báàgì lè má bìkítà, àmọ́ ẹni tó fẹ́ hun ǹkan tó máa kan iná tàbí omi gbọ́dọ̀ mọ ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Bí mo ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò nìyí: màá gé díẹ̀ lára ẹ̀, màá fi ẹ̀mú mú un lórí síńkì, màá ṣáná sí i. Kọ́tìn á jó lọ wẹ́rẹ́, òórùn bébà tó ń jó lá máa rùn, eérú ẹ̀ sì máa ń fúyẹ́, tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án á fọ́. Ákírílíìkì ní tiẹ̀ á súnkì, á yọ́, tó bá wá tutù tán á di kókó dúdú kan tó le koko. Wúùlù gidi tó wá lára àgùntàn, òórùn irun tó jó ló máa ń ní, àmọ́ mi ò tíì bá irú ẹ̀ nínú ọ̀rá yìí rí, ta ló tiẹ̀ fẹ́ máa wọ irun àgùntàn nínú ooru tá a wà yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe èyí nítòsí ọmọdé, ẹ sì gbé omi sítòsí.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé mo rí àwọn tó ń fi ákírílíìkì hun èyí tí wọ́n fi ń gbé ìkòkò gbígbóná tí wọ́n sì ń tà á. Ìkòkò tó gbóná gan-an lórí gáàsì lè yọ́ ọ, kó lẹ̀ mọ́ ìkòkò, ó tún lè jó ẹni tó dì í mú. Kọ́tìn ló yẹ ibẹ̀, kẹ́ ẹ sì hun ún ní ìlọ́po méjì. Nínú ọ̀rá tí mo rà, kọ́tìn tó wà níbẹ̀ tó méjì tó dáa fún ìkòkò, ó tún ṣẹ́kù fún àwọn róbótó tí wọ́n ń gbé ife lé. Àwọn róbótó yẹn ni mo gbádùn jù torí wọn ò ju gíráàmù mẹ́wàá-mẹ́wàá lọ, èèyàn lè parí ọ̀kan kí ìrẹsì tó jinná: húùkù 4mm (abẹ́rẹ́ tá a fi ń hun kíróṣè), mágíìkì ríǹgì (òrùka òwú tá a fi ń bẹ̀rẹ̀), ojú dọ́bù 12 ní yípo àkọ́kọ́, 24 ní ìkejì, 36 ní ìkẹta, bẹ́ẹ̀ lá á máa fi 12 lé 12 kó lè tẹ́ pẹrẹsẹ sórí tábìlì, tí ẹ bá fi kéré sí i á máa ká sókè, tí ẹ bá fi pọ̀ jù etí ẹ̀ á máa wé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń wo YouTube, ẹ kíyè sí ẹni tó ń kọ́ yín o, ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní síńgù ni àwọn ará Ìlú Ọba ń pè ní dọ́bù, dọ́bù ti Amẹ́ríkà tí mo kà sílẹ̀ yìí ni trébù lọ́dọ̀ wọn. Èèyàn lè máa bú wúùlù lórí ohun tí wúùlù ò mọwọ́mẹsẹ̀ ẹ̀.

Ákírílíìkì náà ní iṣẹ́ tiẹ̀. Kànìnkànìn ìfọwọ́ abọ́, òun gan-an ló dáa fún un, torí kì í mu omi sára púpọ̀, ó máa ń tètè gbẹ, kì í sì í tètè rùn bíi fóòmù tá à ń rà. Mo hun èyí tó nípọn díẹ̀ pẹ̀lú húùkù kékeré kó lè há abọ́ dáadáa, ìyá ọkọ mi tó wá láti Ìpẹru gba méjì lọ, mi ò sì lè ní rárá. Rọ́bà irun náà wà níbẹ̀, ẹ ra rọ́bà dúdú lásán, ẹ hun ún yípo, gíráàmù 15 sí 20 ló ń gbà, ìyẹn gan-an ni àwọn ọmọ Ìjagun máa ń rà lọ́wọ́ mi láìná an.

Pọ́ọ̀sì ló gba wàhálà jù, torí ìyókù àwọ̀ kan kì í sábà tó. Ohun tí mò ń ṣe ni pé màá so àwọn tí wọ́n nípọn bákan náà pọ̀, tó bá jẹ́ ákírílíìkì màá ta orí méjèèjì mọ́ra, kókó kan lára ekíní, kókó kan lára ekejì, màá wá fà wọ́n pàdé títí wọ́n á fi há, màá gé ìrù wọn kúrò. Ẹ fà á dáadáa kẹ́ ẹ tó gé e o. Lẹ́yìn náà màá wé gbogbo ẹ̀ sí báálù kan, tí mo bá wá ń hun ún àwọ̀ á máa yí fúnra ẹ̀. Ànkárá gégèé ni mo fi ń ṣe inú ẹ̀ kí owó àti kọ́kọ́rọ́ má baà máa yọ jáde. Èyí tí mo fi wáìnì àti góòlù ẹ̀yìn Iléyá hun, ìyá kan ní Ìta-Àlẹ́ ló rà á lọ́wọ́ mi lójú ọ̀nà, mi ò tíì so síìpù ẹ̀ mọ́ ọn pàápàá.

Èyí tó kúrú jù tí ò lè di ǹkankan, mi ò dà á nù. Mo ń gé wọn dọ́gba, mo ń tà wọ́n mọ́ etí pọ́ọ̀sì kí wọ́n máa jábọ́ wẹ́lẹwẹ̀lẹ bíi ṣàkì ara ìtagbè, aṣọ èjìká àwọn olóyè. Àwọn ìyá wa tó ń hun ìtagbè n'Ìjẹ̀bú ti mọ̀ pé òwú tó yọ síta lè jẹ́ ẹwà aṣọ, kì í ṣe gbogbo ìrù òwú ló yẹ ká máa fi abẹ́rẹ́ wá ibi tá a máa fi pamọ́ sí.

Ohun tó bí mi nínú gan-an ni pupa kan. Báálù tó tóbi jù nínú ọ̀rá kejì tí mo rà ni, ó dáa lójú. Kí n tó hun ohunkóhun pẹ̀lú pupa tàbí dúdú tí mi ò mọ̀ rí, mo máa ń rẹ díẹ̀ sínú omi lọ́wọ́ọ́wọ́, màá wá fi aṣọ funfun tẹ̀ ẹ́. Omi di pupa fòò, aṣọ gbà á, mo ṣan án títí, omi ò mọ́. Ká ní mo dà á pọ̀ mọ́ funfun nínú kànìnkànìn ńkọ́? Mo gbé e padà lọ. Ìyá náà gbà á lọ́wọ́ mi, ó yí i síbí yí i sọ́hùn-ún, ó ní, "Ẹ má bínú, àǹtí, àwọn tó ń tà á fún wa ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. A kì í gba ìyókù padà, àmọ́ ẹ mú funfun kan níbẹ̀." Báálù funfun náà ò tó ìdajì pupa yẹn. Mo mú un, ọ̀rọ̀ tán, àmọ́ ẹni tó ń hun kíróṣè fúnra ẹ̀ yẹ kó ti mọ pupa tó ń ṣí kó tó dì í sínú ọ̀rá fún ẹlòmíràn.

Ìyá náà fúnra ẹ̀ ò níṣòro, ó lọ́yàyà, tẹ́ ẹ bá kí i dáadáa á ní kẹ́ ẹ tú ọ̀rá méjì-mẹ́ta wò kẹ́ ẹ tó mú ọ̀kan, "ẹ ṣáà má da ilẹ̀ rú fún mi." Ẹ lo àǹfààní yẹn. Ẹ fọwọ́ kàn án, ẹ wá èyí tí kọ́tìn pọ̀ sí, kọ́tìn máa ń tutù lọ́wọ́ díẹ̀ ó sì máa ń wúwo ju bó ṣe tóbi lọ. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ni kò ní ìtara, wọ́n lè wà lórí fóònù kẹ́ ẹ kí wọn lẹ́ẹ̀mejì. Húùkù wọn ẹ má rà, onírin olówó pọ́ọ́kú yẹn ní ẹnu tó ń fa wúùlù ya.

Mo fún un ní 3 nínú 5. Tí wọ́n bá ya kọ́tìn sọ́tọ̀, kódà tí wọ́n bá sọ ọ́ di ₦3,000, 5 ni màá fún un, màá sì máa rà á lóṣooṣù. Ẹ̀yin tó ń bọ̀ láti Ṣàgámù, ẹ má torí ẹ̀ nìkan wọ mọ́tò wá, owó ọkọ̀ á jẹ èrè ẹ̀ tán, ẹ dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá ní ìnáwó kan níbí. Káàṣì ni kẹ́ ẹ mú dání o, àlàáàtì wọn kì í tètè wọlé, wọ́n sì lè dá yín dúró síbẹ̀ títí á fi dé.