Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó ń ta bọ́tìnnì Revit láìfi kóòdù lé yín lọ́wọ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi Revit ya àwòrán ilé, ẹ dákun, ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni tó ní òun máa kọ plugin fún yín, ìyẹn ètò kékeré tó ń fi bọ́tìnnì tuntun kún Revit. Owó tiwa ti wọgbó, mi ò sì retí pé ó máa padà. Ọ̀gbẹ́ni tó gbà á ṣì ń wá oníbàárà kiri, ó sì mọ ọ̀rọ̀ ọ́ sọ. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí òun nìkan kọ́ ló ń ṣe irú òwò yìí. Bó ṣe ń ṣe é ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀.

Ohun tá a fẹ́ kò le. Nígbàkígbà tá a bá fẹ́ fi àwòrán ránṣẹ́, ẹnì kan nínú wa á jókòó, á máa fọwọ́ kọ nọ́ńbà sí ilẹ̀kùn lọ́kọ̀ọ̀kan, kó bá yàrá tí ilẹ̀kùn náà wà mu. Tó bá parí ìyẹn, á tún máa sọ ojú-ewé kọ̀ọ̀kan di PDF, á máa pa orúkọ fáìlì dà. Ọjọ́ kan gbáko ló ń gbà, ojú á sì ti rẹni débi pé ilẹ̀kùn méjì á máa jẹ́ nọ́ńbà kan náà. A ní ká rí bọ́tìnnì kan tó máa gba iṣẹ́ yìí lọ́rùn wa.

Ọ̀gbẹ́ni yìí fi fídíò ránṣẹ́. Ó tẹ bọ́tìnnì, nọ́ńbà ilẹ̀kùn ń yí padà fìrìfìrì, PDF ń dà sínú fóldà. Ẹnu yà wá. Mo ní ṣé ó lè tẹ̀ ẹ́ lójú wa lórí fáìlì tiwa. Ó ní kò sí wàhálà, àmọ́ ká kọ́kọ́ san ìdajì owó kí òun lè tún un ṣe bá ọ́fíìsì wa mu. A san án. Ibẹ̀ lẹsẹ̀ wa ti yẹ̀, torí fídíò tẹ́ ẹ rí yẹn, fáìlì tirẹ̀ ló fi ṣe é, òun ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ to gbogbo ilẹ̀kùn inú rẹ̀.

Nígbà tó ṣe, ó fi fáìlì méjì ránṣẹ́: ọ̀kan parí sí .dll (plugin náà gan-an, tí kóòdù rẹ̀ ò ṣeé kà lásán), èkejì sí .addin (tó ń sọ fún Revit ibi tó ti máa rí i). Ó ní ká kó wọn sínú fóldà Addins. Bá a ṣe ṣí Revit, ìkìlọ̀ jáde pé plugin yìí ò ní àmì ẹni tó ṣe é, ṣé ká gbà á wọlé àbí ká má gbà á. A pè é. Ó ní: "Ẹ tẹ Always Load, gbogbo wọn ló ń sọ bẹ́ẹ̀." Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ plugin kéékèèké tí kò lábùkù ni kò ní àmì yẹn, torí owó ni wọ́n fi ń gba àmì ọ̀hún. Àmọ́ ẹni tó ń ta ọjà fún iléeṣẹ́, tó sì gba owó gidi, ó yẹ kó lè fọwọ́ sí iṣẹ́ rẹ̀.

Ó tún fi "ẹ̀bùn" kún un, àwọn ilẹ̀kùn tó ti ṣe sílẹ̀. Ó ní ká fi wọ́n rọ́pò díẹ̀ nínú tiwa, pé wọ́n lẹ́wà jù bẹ́ẹ̀. Àwa náà ṣe bẹ́ẹ̀, a tún dúpẹ́. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀bùn yẹn wà lọ́kàn yín.

A tẹ bọ́tìnnì náà. Ó ṣiṣẹ́ fún bí ìṣẹ́jú kan, àpótí kékeré kan wá jáde pé iṣẹ́ ti parí láìsí àṣìṣe kankan. Inú wa dùn, a san owó tó kù nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Lọ́jọ́ kejì ni ọmọdé kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa ṣí tábìlì ilẹ̀kùn, ó ń kà á. Nínú ilẹ̀kùn 214, 61 péré ni nọ́ńbà wọn yí padà. Ilẹ̀kùn ẹ̀bùn ni gbogbo 61 yẹn.

Orí mi gbóná. Mo fi ILSpy ṣí .dll náà. Ọ̀fẹ́ ni ILSpy, ó máa ń sọ irú fáìlì bẹ́ẹ̀ padà di kóòdù téèyàn lè kà ní C#, èdè tí wọ́n fi ń kọ plugin, àfi tẹ́ni tó kọ ọ́ bá dìídì dà á rú. Ẹ wá wo ohun tó wà níbẹ̀. Kóòdù náà ń wá àyè kan tó ń jẹ́ "Door No" lára ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan. Tiwa ò ní irú àyè bẹ́ẹ̀; inú Mark, tí Revit fúnra rẹ̀ ti fi sára gbogbo ilẹ̀kùn, là ń kọ nọ́ńbà sí. Ilẹ̀kùn ẹ̀bùn nìkan ló ní Door No. Tí kóòdù ò bá rí àyè tó ń wá, ńṣe ló yẹ kó ké. Àmọ́ ó ti fi try àti catch ká ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan mọ́ (try ní kó dán iṣẹ́ wò, catch ní ohun tó máa ṣe tí àṣìṣe bá dé), inú catch yẹn sì ṣófo bí igbá tí wọ́n dà nù. Àṣìṣe dé, ó gbé e mì, ó bọ́ sórí ilẹ̀kùn tó kàn. Ìlà tó gbé àpótí "iṣẹ́ ti parí" jáde wà nísàlẹ̀ pátápátá, kò sì bi ohunkóhun léèrè. Kódà tí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì yẹn nínú fáìlì tí kò ní ilẹ̀kùn kankan, á ní iṣẹ́ ti parí.

Ìlà kan tún wà lókè tó ń wo ọjọ́ tó wà lórí kọ̀ǹpútà. Tí 90 ọjọ́ bá ti kọjá lórí ọjọ́ tó kọ síbẹ̀, bọ́tìnnì á kọ̀ láti ṣiṣẹ́, á sì ní "server", ìyẹn kọ̀ǹpútà kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ò dáhùn. Kò sí server kankan nínú gbogbo kóòdù náà. Ọjọ́ tó yẹ ká pè é pé nǹkan bà jẹ́ ló ti kọ sílẹ̀ dè wá.

Ti PDF ló pa mí lẹ́rìn-ín, bó tiẹ̀ dùn mí. Láti Revit 2022 ni sọ́fítíwíà náà fúnra rẹ̀ ti lè kó ojú-ewé jáde bíi PDF, tí èèyàn á sì to bí orúkọ fáìlì ṣe máa rí fúnra rẹ̀. Ohun yẹn náà ni bọ́tìnnì ń pè. A sanwó fún ohun tó wà nílé wa.

Àwọn kan tún wà tí wọ́n ń gbé irinṣẹ́ pyRevit, àkójọ bọ́tìnnì Revit tó jẹ́ ọ̀fẹ́, tí wọ́n á pa àwòrán bọ́tìnnì rẹ̀ dà, tí wọ́n á fi orúkọ tara wọn sí i. Ẹ wo inú fóldà tí wọ́n fún yín: tẹ́ ẹ bá rí fóldà tí orúkọ rẹ̀ parí sí .pushbutton, tí script.py wà nínú rẹ̀, ẹ lọ fi ti pyRevit wé e. Ìwé àṣẹ GPL tí pyRevit wà lábẹ́ rẹ̀ ò ní kéèyàn má tà á o, àmọ́ ó ní kẹ́ni tó tà á fi kóòdù lé olùrà lọ́wọ́, kó má sì yọ ìwé àṣẹ náà kúrò.

Ẹ̀tàn míì tún rọ̀ mọ́ Revit tuntun. Nígbà tá a fẹ́ bọ́ sórí Revit 2025, ọ̀gbẹ́ni ní àfi ká san gbogbo owó látìbẹ̀rẹ̀, pé Autodesk, iléeṣẹ́ tó ni Revit, ti yí gbogbo nǹkan padà. Ó parọ́ díẹ̀, ó sọ òótọ́ díẹ̀. Revit 2025 kúrò lórí .NET Framework 4.8 bọ́ sórí .NET 8 lóòótọ́ (ìpìlẹ̀ tí plugin dúró lé nìyẹn), Revit 2024 sì ti sọ ElementId, nọ́ńbà tó fi ń dá nǹkan kọ̀ọ̀kan inú fáìlì mọ̀, di bíìtì 64 dípò 32, torí náà ó pọn dandan kí wọ́n tún plugin kọ́. Àmọ́ tí kóòdù bá wà lọ́wọ́ yín, ẹnikẹ́ni tó gbọ́ C# lè tún irinṣẹ́ kékeré bẹ́ẹ̀ kọ́ láìbẹ̀rẹ̀ látòkè. Tó bá jẹ́ .dll nìkan lẹ gbà, ọwọ́ rẹ̀ lẹ wà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo AutoCAD, sọ́fítíwíà ìyàwòrán míì tí Autodesk ṣe, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yín kọ́. Lọ́dún 2012 ni ESET, iléeṣẹ́ tó ń gbógun ti kòkòrò kọ̀ǹpútà, rí ọ̀kan tí wọ́n pè ní ACAD/Medre.A. AutoLISP, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kékeré fún AutoCAD, ni wọ́n fi kọ ọ́, ó sì ń jí àwòrán àwọn èèyàn, pàápàá ní Peru, ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì ímeèlì ní Ṣáínà. Fáìlì AutoLISP (.lsp) tẹ́ni tẹ́ ò mọ̀ fi ránṣẹ́ lè ka fáìlì yín, ó lè kọ nǹkan sí i, ó lè gbé e lọ. Ẹ má ṣe pa SECURELOAD, ètò AutoCAD tó ń dáàbò bò yín lọ́wọ́ irú fáìlì bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹni tó ń tajà ní ó ń dí òun lọ́wọ́.

Bá a ṣe ń ṣe é báyìí nìyí. Ẹ̀dà fáìlì wa tó dọ̀tí jù là ń gbé fún ẹni tó fẹ́ gbaṣẹ́, a ò gba fídíò mọ́. Kóòdù gbọ́dọ̀ wà nínú àdéhùn, orí kọ̀ǹpútà tiwa la sì ti máa kọ́ ọ di .dll lójú wa ká tó san owó tó kù. Tí onítọ̀hún bá ní kóòdù jẹ́ àṣírí òun, a ó kí i pé ó dàbọ̀.

Arábìnrin tó bá wa ṣe èyí tuntun, ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni fáìlì wa. Àpótí tirẹ̀ kì í sọ pé iṣẹ́ ti parí. Iye ilẹ̀kùn tó yí padà ló ń kọ, àti ìwọ̀n tó kọ̀, pẹ̀lú ìdí tó fi kọ̀. Lọ́jọ́ tá a dán an wò, ó ní ilẹ̀kùn 9 ò ní yàrá kankan. A lọ wò wọ́n, òótọ́ ni. Àwa la ò tíì fi yàrá síbẹ̀.