Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ní àwọn ò rí fọ́ọ̀mù mi: ọdún mẹ́ta nínú ẹ̀kọ́ ìdájọ́ ọ̀dọ́ ní yunifásítì

N kò fẹ́ kọ ohunkóhun nípa ẹ̀kọ́ yìí kí ìwé ẹ̀rí mi tó tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ọ́fíìsì tó ń rí sí ìkọ́ṣẹ́ wa fi íméèlì ránṣẹ́ sí mi pé kí n tètè mú fọ́ọ̀mù àyẹ̀wò ọlọ́pàá mi wá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ n kò ní lè bẹ̀rẹ̀ ìkọ́ṣẹ́. Ìkọ́ṣẹ́ tí mo ti parí láti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ni o! Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ò pẹ́.

Ohun tí wọ́n ń kọ́ni wà nínú ìwé ìpolówó wọn, n kò ní tún un kà fún yín: òfin, ìdàgbàsókè ọmọdé, ìdí tí èèyàn fi ń rú òfin, bí a ṣe ń bá ọ̀dọ́ tó ti kó sí gàù òfin ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù ni kò sí níbẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ bá ọmọdé ṣiṣẹ́, ọlọ́pàá gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò ná. Mi ò bá ìyẹn jà. Ọmọ tó wà ní àtìmọ́lé kò ríbi sá sí bí àgbàlagbà bá fẹ́ ṣe é níbi, kí wọ́n yẹ̀ wá wò tinú tẹ̀yìn. Mo kọ fọ́ọ̀mù mi, mo mú un lọ, obìnrin tó jókòó lẹ́yìn gíláàsì gbà á. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, wọ́n ní àwọn ò rí i. Mo kọ òmíràn, mo sì ya fọ́tò rẹ̀ kí n tó fi sílẹ̀, ọgbọ́n tí ẹ̀gbọ́n kan tó ṣáájú wa kọ́ mi. Ìyẹn náà di àwátì. Mo kọ ẹ̀kẹta. Lọ́jọ́ tí wọ́n lẹ orúkọ àwọn tó ń lọ fún ìkọ́ṣẹ́, tèmi ò sí níbẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Mi ò rí orúkọ mi."

Kò gbójú sókè. "Nọ́ńbà yín?"

Mo ka nọ́ńbà mi.

"Wọ́n ti yọ yín. Ẹ ò mú fọ́ọ̀mù wá."

"Mo mú un wá lẹ́ẹ̀mẹta, mà. Ẹ̀yin lẹ gbà á lọ́wọ́ mi. Fọ́tò rẹ̀ nìyí."

"Fọ́tò kọ́ ni fọ́ọ̀mù."

"Ta ló ní kí wọ́n yọ mí?"

"Ìgbìmọ̀. Wọ́n ti jókòó, ó ti pẹ́."

"Kò sẹ́ni tó pè mí, mà."

"Wọn kì í pe akẹ́kọ̀ọ́ sí i." Ó ti na ọwọ́ gba ìwé lọ́wọ́ ẹni tó wà lẹ́yìn mi.

Ohun tó jẹ́ kó dùn mí dé egungun ni pé ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an la ka ẹjọ́ Gault. Gerald Gault, ọmọ ọdún 15, ní Arizona, lọ́dún 1964: aládùúgbò kan ní ó pe òun lórí fóònù, ó sọ ìsọkúsọ sí òun. Wọ́n mú ọmọ, wọn ò fi tó àwọn òbí rẹ̀ létí. Kò ní agbẹjọ́rò. Ẹni tó fẹ̀sùn kàn án kò yọjú sí kóòtù. Adájọ́ ní kí wọ́n mú un lọ sí ilé ìtọ́nisọ́nà títí yóò fi pé ọdún 21. Ká ní àgbàlagbà ló ṣe é, ìtanràn tí kò ju dọ́là 50 lọ, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù méjì lọ ni. Ó di 1967 kí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ Amẹ́ríkà tó sọ pé ọmọdé náà lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án, láti ní agbẹjọ́rò, láti bi ẹni tó fẹ̀sùn kàn án ní ìbéèrè, kí ó sì dákẹ́ bó bá wù ú. Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Máàkì 82 ni mo gbà nínú àròkọ tí mo kọ lé e lórí, nílé ẹ̀kọ́ tí ìgbìmọ̀ rẹ̀ kì í pe akẹ́kọ̀ọ́!

Mo wá kọ lẹ́tà ẹ̀sùn, ojú ewé méjì gbáko. Mo pe ara mi ní Gault níbẹ̀. (Mo tún un kà lánàá, mo fọwọ́ bojú.)

Lẹ́tà náà dé ọ̀dọ̀ olùkọ́ tó ń kọ́ wa bí a ṣe ń bá ọmọ sọ̀rọ̀, ọkùnrin kan tó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún pẹ̀lú àwọn ọmọ tó wà ní àtìmọ́lé kí wọ́n tó wá sí yunifásítì. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí.

"O bínú gan-an. Láti ìgbà wo?"

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, sà."

"Wo ọmọ ọdún 14 tó ti ń bínú báyìí láti ọdún mẹ́ta, tí kò mọ ẹni tó lè kọ lẹ́tà sí."

N kò rí èsì fọ̀. Wọ́n dìde, a jọ lọ sí ọ́fíìsì. Wọ́n kí obìnrin yẹn, wọ́n béèrè ara ọmọ rẹ̀ tó ń ṣàìsàn. Èmi tí mo ti dúró níwájú gíláàsì yẹn tó ẹ̀ẹ̀mẹwàá, mi ò mọ̀ pé ó lọ́mọ. Wọ́n jọ tú fáìlì. Fọ́ọ̀mù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú fáìlì akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn tí orúkọ bàbá wa jọra. "Ẹ má bínú," ni ó wí fún mi, ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ìkọ́ṣẹ́ ti lọ nìyẹn.

Olùkọ́ yìí nìkan tó owó ilé ẹ̀kọ́. Nínú kíláàsì wọn, wọ́n á ṣe ọmọ, àwa á ṣe òṣìṣẹ́. Nígbà tó kàn mí, mo bi wọ́n pé, "Kí ló dé tí o fi ṣe é?" Wọ́n kọjú sí fèrèsé fún ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Ẹnì kan wo aago. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ọlọ́pàá ti béèrè ìyẹn, adájọ́ ti béèrè, ìyá rẹ̀ ti béèrè. Kí lo fẹ́ kó sọ fún ọ tí kò sọ fún wọn?"

Ẹ̀kọ́ ìṣirò ìwádìí kò dáa rárá. Olùkọ́ ibẹ̀ ń ka ohun tó wà lára ògiri fún wa bí ẹni pé a ò mọ̀wé. Ṣùgbọ́n inú ẹ̀kọ́ yẹn náà ni mo ti rí i pé àwọn ètò tí wọ́n fi ń mú ọmọ lọ wo ẹ̀wọ̀n kí ẹ̀rù lè bà á kì í ṣiṣẹ́: nígbà tí wọ́n kó ìwádìí jọ, àwọn ọmọ tí wọ́n mú lọ ló tún rú òfin ju àwọn tí wọn ò mú lọ. Èmi tí mo wọlé pẹ̀lú èrò pé ẹ̀rù ni oògùn wọn! A tún jiyàn lórí ọjọ́ orí títí ilẹ̀ fi ṣú: ọdún 10 ni wọ́n ti lè gbé ọmọ lọ sí kóòtù ní England, ọdún 14 ni ní Jámánì, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọdé ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé (UN) sì ní kó má dín sí 14.

Níbi ìkọ́ṣẹ́, ọmọ ọdún 15 kan ni wọ́n fi tì mí. Ìpàdé méjì, kò sọ nǹkan kan, mi ò sì béèrè "kí ló dé." Lẹ́ẹ̀kẹta, mo yí fáìlì rẹ̀ sí i kó kà á. Ó wo ojú ewé àkọ́kọ́ títí.

"Orúkọ mi kọ́ nìyí."

Oṣù méje ni wọ́n ti ń ṣi orúkọ rẹ̀ kọ. Mo fi bírò tún un ṣe lójú rẹ̀. Ọ̀gá mi níbẹ̀ bá mi wí gidi, nítorí a kì í fi bírò kọ nǹkan sínú fáìlì kóòtù, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ọmọ náà sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Kì í ṣe nípa ẹ̀sùn, nípa kẹ̀kẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, fún bí wákàtí kan.

Bí kì í bá ṣe tèmi tó wọnú fáìlì ẹlòmíràn, bóyá ọwọ́ mi kì bá ti lọ síbi fáìlì yẹn. Ìyẹn ò ní kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ́fíìsì ṣá.

Ìràwọ̀ 5 nínú 5 fún ẹ̀kọ́ náà. Ti ọ́fíìsì, mo ti mú un lọ bá wọn lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n ní àwọn ò rí i.