Ọgbà ère tí mo mú bíríkìlà lọ

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ máàkì tí mo fún wọn kí ẹni tó ń kánjú lè máa bá tiẹ̀ lọ: mẹ́ta àtààbọ̀ nínú márùn-ún. Tí kì í bá ṣe ti tọ́ílẹ́ẹ̀tì wọn àti jẹnẹrétọ̀ wọn ni, mi ò bá fún wọn ní mẹ́rin àtààbọ̀. Ọgbà ère ni o, gbangba ìta, inú igbó kékeré kan ní ìgbèríko Rẹ́mọ, kò jìnnà sí Ṣágámù. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀ níbí, torí ọmọ tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì ní géètì ṣe wá dáadáa, mo dẹ̀ ní nǹkan tí mo fẹ́ sọ nípa àwọn ọ̀gá ẹ̀, mi ò fẹ́ kí wọ́n torí tèmi gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Èmi, àwọn ọmọ mi méjèèjì àti àbúrò màmá mi la jọ lọ, Sátidé kan nínú oṣù kẹsàn-án. Búọ̀dá ni gbogbo ilé wa ń pè wọ́n. Bíríkìlà ni wọ́n, wọ́n ti fi bí ogójì ọdún mọlé kí orúnkún tó ní ó tó, Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ń gbé. Kì í kúkú ṣe pé wọ́n fẹ́ lọ o. Wọ́n wá kí wa ni, mo wá ní kí wọ́n wọ mọ́tò ká jọ lọ ṣeré, wọ́n ní ère tí wọ́n ti ń rí látìgbà tí wọ́n ti dáyé, kí ló kù níbẹ̀ tí wọ́n á máa sanwó wò. Àwọn ọmọ ló fà wọ́n lọ́wọ́.

Ọ̀nà ẹ̀ dáa títí ẹ ó fi kúrò lórí ọ̀dà, lẹ́yìn ìyẹn erùpẹ̀ pupa ni, tí òjò bá dẹ̀ ti rọ̀ ẹ má gbé mọ́tò kékeré tí ikùn ẹ̀ ń wọ́lẹ̀ débẹ̀. Ẹni tí ò bá ní mọ́tò lè wọ kòrópe dé oríta abúlé, kó wá gun ọ̀kadà wọlé, àmọ́ kẹ́ ẹ gba nọ́ńbà ọlọ́kadà yẹn o, torí nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ jáde ẹ ò ní rí ẹyọ kan.

Oko obì ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá mọ Rẹ́mọ, tó ti dé Sábó ní Ṣágámù rí, tó rí bí àwọn Hausa ṣe ń di obì sínú ewé, ìyẹn ò ní yà á lẹ́nu. Wọn ò gé àwọn igi obì yẹn, ọpẹ́lọpẹ́ ẹ̀, torí abẹ́ ẹ̀ tutù bíi inú amù, àárín igi ni wọ́n to àwọn ère yẹn sí, ẹ ò ní rí èkejì títí tẹ́ ẹ máa fi kúrò níwájú èkíní. Ibi tí mo ti kọ́kọ́ gba ti ẹni tó ṣètò ẹ̀ nìyẹn. Èso obì já sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ ère kan tó jókòó, ó dà bíi pé ẹnì kan wá bọ ọ́ ni. Ó wá já sí pé kò sẹ́ni tó wá, afẹ́fẹ́ ni.

₦2,000 lọ́wọ́ àgbà, ₦1,000 lọ́wọ́ ọmọdé. Kámẹ́rà ńlá ní owó tiẹ̀ lọ́tọ̀, fóònù ò sanwó. Búọ̀dá bi ọmọ géètì pé ṣé wọn ò kì í gba ìdajì lọ́wọ́ arúgbó, ọmọ yẹn rẹ́rìn-ín, ó ní kí bàbá mú ẹgbẹ̀rún kan wá. Wọ́n ń gba tíránsífà ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibẹ̀ máa ń ṣe bó ṣe wù ú ni, ẹ mú káàṣì dání.

Ọmọ mi àgbà ka ère náà dé mẹ́tàdínlógójì kó tó sú u. Sìmẹ́ńtì ló pọ̀ jù, irin àlòkù tẹ̀lé e, ti igi ò ju mẹ́rin lọ. Ikán ti wọ ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n dẹ̀ kọ ọ́ síwájú ẹ̀ pé ìrókò ni, Búọ̀dá bẹ̀rẹ̀ wò ó, wọ́n ní "ìrókò wo ni ikán ń jẹ báyìí?" Ẹyẹ ńlá kan wà tí wọ́n fi ṣíbí àti ṣéènì ọ̀kadà ṣe, àwọn ọmọ fẹ́ràn ẹ̀ kú, àmọ́ ẹ mú ojú tó o, etí àwọn ṣíbí yẹn mú, ó lè gé ọmọ lọ́wọ́. Gbogbo àkọlé wọn, òyìnbó ni. Oòrùn dẹ̀ ti jẹ ìdajì ẹ̀. Wọ́n mọ ère sí àárín oko obì ní Rẹ́mọ, wọn ò wá rí ẹni tó máa kọ gbólóhùn Yorùbá kan síwájú ẹ̀, ẹ dákun, ta ni wọ́n ń kọ ọ́ fún?

Ibi tí gbogbo nǹkan ti yí padà ni ibi ẹṣin. Ẹṣin sìmẹ́ńtì kan ni, ó ga ju mọ́tò wa lọ, ọkùnrin kan jókòó sórí ẹ̀ tòun ti agbádá àti fìlà, ọmọ Ìjẹ̀bú kankan ò ní bèèrè ibi tó ń lọ, Ojúde Ọba ló ń lọ, ọmọ ilé Balógun ni. Àwa ń ya fọ́tò. Búọ̀dá ò yà. Wọ́n lọ síbi ẹsẹ̀ ẹ̀ lẹ́yìn, wọ́n fi ìka kan án kọ̀ kọ̀ kọ̀ látòkè wá sísàlẹ̀, nígbà tó dé orúnkún ohùn ẹ̀ yí padà, ó wá ń dún bíi páálí. Wọ́n ní "Ó ti ṣófo níbí." Mo wò ó dáadáa, mo rí ìlà kan tó sán gbọọrọ, tó ní àwọ̀ ìpẹtà bíi omi gààrí tí wọ́n da epo sí.

Wọ́n wá ṣàlàyé ẹ̀ fún wa bíi tíṣà. Wọ́n ní ẹni tó bá mọ ère sìmẹ́ńtì, rọ́ọ̀dù ló kọ́kọ́ máa tẹ̀, ìyẹn ni egungun ẹ̀, á wá fi báídìn wáyà so ó, á fi nẹ́ẹ̀tì bò ó, kó tó máa lẹ sìmẹ́ńtì mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹṣin dẹ̀ tín-ín-rín. Ẹni tó ṣe é fẹ́ kó rẹwà, ló bá jẹ́ kí sìmẹ́ńtì tó bo rọ́ọ̀dù fúyẹ́ jù, omi òjò wọ inú lọ bá rọ́ọ̀dù, rọ́ọ̀dù wá dípẹtà, irin tó bá dẹ̀ ti dípẹtà máa ń wú ni, kò ní àyè tó máa wú sí, ló bá fọ́ sìmẹ́ńtì kúrò lára. Wọ́n ní tẹ́ ẹ bá rí òpó ilé tó bẹ́ tí rọ́ọ̀dù ẹ̀ yọ síta, ohun kan náà ló pa á. Tí wọ́n bá ń da dẹ́kìn, ẹ̀la sìmẹ́ńtì pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n máa ń fi sábẹ́ rọ́ọ̀dù kó má fara kan pákó, bísíkíìtì ni wọ́n ń pè é. Búọ̀dá ní "Ẹṣin yìí ò jẹ bísíkíìtì rárá." Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín títí. Látìgbà yẹn, gbogbo ère tá a bá dé ìdí ẹ̀ ni wọ́n ń fi ìka kàn tí wọ́n ń bèèrè pé ṣé èyí jẹ bísíkíìtì.

Kí n tó gbàgbé, ère méjì kan wà tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọkùnrin kan obìnrin kan, wọ́n ga, ṣéènì so orí wọn pọ̀. Ẹdan ni wọ́n wò ṣe é. Ẹdan gidi kéré, idẹ ni, ti Òṣùgbó, ohun tí àwọn ará ibòmíì ń pè ní Ògbóni. Mo fẹ́ràn pé wọ́n sọ ọ́ di ńlá bẹ́ẹ̀, ojú wọn tó yọ síta yẹn ń tẹ̀ lé èèyàn káàkiri. Búọ̀dá dúró síbẹ̀ pẹ́, wọn ò kàn án. Wọ́n kàn ní "Ọwọ́ ọ̀tún ló fi lé òsì." Mo ní kí ló wá ṣe é? Wọ́n ní ọwọ́ òsì ló máa ń wà lókè, àtàǹpàkò méjèèjì á dẹ̀ wà nínú, ẹni tó mọ èyí fi ojú wo fọ́tò ni, fọ́tò yẹn dẹ̀ lè ti yí padà. Mi ò bi wọ́n bí wọ́n ṣe mọ̀. Ẹ̀yin náà ẹ má bi mí.

Òjò dé ní bí aago méjì. A sá sábẹ́ àtíbàbà tí ìyá kan ti ń dín òjòjò, gbígbóná, ewùrà tuntun, ata ẹ̀ ṣe déédéé, ìyẹn nìkan tó ẹgbẹ̀rún kan nínú owó tíkẹ́ẹ̀tì tèmi. Ibẹ̀ ni mo ti ń sọ fún Búọ̀dá nípa igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO kọ orúkọ ẹ̀ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá ayé ní 2005, pé òyìnbó obìnrin kan láti Austria, Susanne Wenger, tí wọ́n ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, òun àtàwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ibẹ̀ ni wọ́n jọ mọ àwọn ère ńlá inú ẹ̀, ó dẹ̀ wà níbẹ̀ títí tó fi kú ní 2009. Wọ́n ń jẹ òjòjò wọn lọ, ó hàn pé ọ̀rọ̀ yẹn ò wọ̀ wọ́n. Mo wá ní ọ̀kan nínú àwọn tó bá a mọ ọ́n, Adébísí Àkànjí, bíríkìlà ni kó tó di oníṣẹ́ ère. Wọ́n dáwọ́ òjòjò dúró. "Bíríkìlà bíi tèmi?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà. Wọ́n dákẹ́ fún bíi ìṣẹ́jú kan, wọ́n wá ní nígbà tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́, ọ̀gá wọn mọ kìnnìún méjì sórí géètì ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn ni wọ́n po sìmẹ́ńtì ẹ̀, ìrù ọ̀kan dẹ̀ ni àwọn fúnra àwọn ṣe, ọ̀gá ò mọ̀. Ó ti tó ogún ọdún tí mo ti mọ èèyàn yìí dáadáa, mi ò gbọ́ ọ rí.

Àtìgbà yẹn ni mo ti wá rí ohun tí mo tìtorí ẹ̀ ń kọ gbogbo èyí. Ọ̀ọ́kán àtíbàbà yẹn, ère obìnrin kan wà tó kúnlẹ̀ tó gbé igbá rù. Nígbà tá a dé tí oòrùn mú, mo ti kọjá lára ẹ̀, kò jọ mí lójú, ó rí gbágungbàgun, wọn ò dẹ̀ fún un lórúkọ, wọ́n kàn kọ "Untitled" síwájú ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, igbá orí ẹ̀ kún. Ó wá ń dà. Kò dà bó ṣe rí i o, ṣùkú ló dì, ẹni tó mọ ọ́n la ojú irun ẹ̀ jìn, omi yẹn wá ń gba ojú irun kọ̀ọ̀kan sọ̀ kalẹ̀, ìlà mẹ́jọ mẹ́sàn-án, ó gba ẹ̀yìn ọrùn ẹ̀, ó pàdé láàárín ẹ̀yìn, ó ń ṣàn lọ sínú kòtò kékeré kan nílẹ̀ tí mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé ẹsẹ̀ èèyàn ló gbẹ́ ẹ. Ojú ẹ̀ gbẹ. Òjò ń rọ̀ gan-an, gbogbo ara ẹ̀ ti dúdú, ojú ẹ̀ nìkan ló funfun torí etí igbá yẹn bò ó.

Búọ̀dá dìde tàwọn ti orúnkún. Wọ́n ní "Gọ́tà ló fi irun ṣe." Wọ́n tún un sọ. Wọ́n jáde sínú òjò, wọ́n lọ dúró sẹ́yìn ère yẹn, wọ́n na ọwọ́ sábẹ́ omi, wọ́n wo bó ṣe dagun sí, wọn ò fi ìka kàn án kọ̀ kọ̀ mọ́. Ìyá olójòjò ní bàbá yín á mú òtútù o. Nígbà tí wọ́n padà wọlé ohun tí wọ́n sọ ni pé ẹni yẹn po ó le, ó dẹ̀ bomi rin ín dáadáa kó tó gbẹ, torí kò sán níbì kankan. Tẹ́ ẹ bá mọ Búọ̀dá, ẹ ó mọ̀ pé wọn ò yin iṣẹ́ ẹlòmíì rí. Ó dẹ̀ ṣe mí bákan pé sìmẹ́ńtì lásán ni, irú èyí tí wọ́n ti ń ṣe ní Ṣágámù níbẹ̀ láti 1978, tó jẹ́ pé abẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ náà ni òkúta ẹ̀ ti jáde, àfi kí ẹnì kan ṣá ronú ibi tí omi máa gbà.

Ibi tí adùn ti ń dùn mọ́ wa ni wọ́n tan jẹnẹrétọ̀. Ẹ̀yìn àtíbàbà gan-an ni wọ́n gbé e sí, kì í ṣe kékeré, láti fi tan fíríìjì ohun mímu kan tí ẹyọ èèyàn kan ò rà nínú ẹ̀. A ò gbọ́ òjò mọ́, a ò gbọ́ ara wa. Mo lọ bá ọ̀gá wọn kan tó jókòó sínú ọ́fíìsì, mo ní ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé wọn ò lè gbé e jìnnà díẹ̀, ó ní wáyà ò gùn tó bẹ́ẹ̀. Ó ń tẹ fóònù lọ. Mo tún sọ nípa ẹsẹ̀ ẹṣin yẹn, pé ẹnì kan tó mọṣẹ́ wà pẹ̀lú mi tó sọ pé kò ní pẹ́ gé, ọmọ dẹ̀ lè wà lábẹ́ ẹ̀, ó ní àwọn máa wò ó. Tọ́ílẹ́ẹ̀tì wọn ńkọ́, omi ò sí, bọ́kẹ́ẹ̀tì wà, kọ́ńgà wà ní ogún ìgbésẹ̀, kò sẹ́ni tó pọn ọ́n. Mi ò fẹ́ sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ torí àwọn kan ń jẹun.

Ṣé kẹ́ ẹ lọ? Ẹ lọ. Tẹ́ ẹ bá lè lọ nígbà òjò ẹ lọ nígbà òjò, ohun tí gbogbo èèyàn ń sọ pé ọyẹ́ ló dáa kì í ṣe òótọ́ fún ibẹ̀ yẹn, lásìkò ọyẹ́ eruku ni ẹ máa rí, igbá yẹn dẹ̀ máa gbẹ. Ẹ wọ bàtà rọ́bà. Ẹ tètè dé, wákàtí mẹ́ta tó yín. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fọwọ́ kan àwọn ère, kò sẹ́ni tó máa bá yín wí, ewúrẹ́ ará abúlé gan-an ń sùn lórí ẹsẹ̀ ọ̀kan. Tẹ́ ẹ bá ní àgbàlagbà kan nílé tó mọ iṣẹ́ ọwọ́ kan, yálà bíríkìlà ni o, wẹ́dà ni o, káfíńtà ni o, ẹ mú un dání, ó sàn ju gáìdì lọ, wọn ò kúkú ní gáìdì.

Nígbà tá a fẹ́ jáde Búọ̀dá pe ọmọ géètì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo rò pé wọ́n fẹ́ fún un lówó omi ni. Ẹsẹ̀ ẹṣin ni wọ́n ń ṣàlàyé fún un, pé kí wọ́n ha ìpẹtà yẹn kúrò pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì onírin, kí wọ́n kùn ún, kí wọ́n tó tún un rẹ́, ọmọ yẹn ń mi orí, ó tiẹ̀ ń kọ ọ́ sínú fóònù.

Ìjẹta ni Búọ̀dá pè mí láago mẹ́fà àárọ̀. Wọ́n ní ṣé mo ṣì ní nọ́ńbà ọmọ géètì yẹn, sìmẹ́ńtì bí ìdajì báàgì kan ṣẹ́ kù lẹ́yìnkùlé àwọn, kó tó di òkúta.