Kolibri: Ẹ̀kọ́ tí kò bèèrè dátà lọ́wọ́ ọ̀dọ́

Àwọn ọ̀dọ́ tí mò ń kọ́ ní ìrọ̀lẹ́, ilé ìwé ti bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ tipẹ́. Ọ̀pọ̀ wọn ń kọ́ṣẹ́ ọwọ́ lọ́sàn-án. Kì í ṣe pé wọn ò fẹ́ kàwé, owó dátà ni ò jẹ́. Fídíò ẹ̀kọ́ díẹ̀ ti tó láti jẹ gbogbo dátà tí ọmọ rà, owó oúnjẹ rẹ̀ sì ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí nínú ìlú ńlá mọ Kolibri, ètò ẹ̀kọ́ orí kọ̀ǹpútà tí èèyàn lè lò láìsí íntánẹ́ẹ̀tì.

Learning Equality ló ṣe é, àjọ tí kì í wá èrè. KA Lite, ètò irú rẹ̀ kan, ni wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde ní 2012, Kolibri ló wá tẹ̀ lé e. Ọ̀fẹ́ ni. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo lẹ máa gbé e sí, ẹ ó fa ẹ̀kọ́ wálẹ̀ sórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, àwọn ọmọ á sì fi fóònù wọn wọ inú rẹ̀ nípasẹ̀ Wi-Fi tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì kankan nínú. Kódà Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, lè gbé e. Ìṣirò Khan Academy, àjọ tó ń ṣe fídíò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, wà níbẹ̀, àwọn àyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì PhET tí wọ́n ń fọwọ́ ara wọn ṣe lójú fóònù náà wà níbẹ̀. Àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ wáyà iná kì í fẹ́ kúrò nídìí èyí tí wọ́n ti ń so bátìrì mọ́ gílóòbù.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni ojú-ewé olùkọ́. Ọmọkùnrin kan tó ń kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà wà ní kíláàsì mi. Ìgbàkígbà tí mo bá bi í, á ní, "Ó yé mi, sà." Mo tẹ orúkọ rẹ̀ lọ́jọ́ kan, àwọn ìdáhùn rẹ̀ sì jáde lọ́kọ̀ọ̀kan: 1/2 + 1/3, ó kọ 2/5. 1/4 + 1/2, ó kọ 2/6. Ó ń ro òkè mọ́ òkè, ìsàlẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀. Mo pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo fa ìlà sórí ìwé, mo pín in sí mẹ́fà.

"Ìdajì rẹ̀ dà?"

Ó ka mẹ́ta.

"Ìdá kan nínú mẹ́ta ńkọ́?"

Ó ka méjì, ó wò ó títí. "Márùn-ún nínú mẹ́fà nìyẹn, sà."

Ká ní ojú pátákó ni mo pè é sí níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni, ìtìjú ni ì bá lé e lọ.

Àmọ́ Kolibri kò lè dá ṣiṣẹ́ láìsí ènìyàn. Mo ti rí ètò kan tó pín tábúlẹ́ẹ̀tì fáwọn ọ̀dọ́ láìfi olùkọ́ kankan tì wọ́n, géèmù ni wọ́n fi ń gbá. Kolibri kì í sì í fúnni ní ìwé ẹ̀rí, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìdánwò ṣì gbọ́dọ̀ lọ forúkọ sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ṣe é. Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ jù nínú fídíò rẹ̀. Èmi máa ń kọ́kọ́ wo fídíò náà fúnra mi, kí n ṣàlàyé rẹ̀ ní Yorùbá kí wọ́n tó ṣí i.

Bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ má fa gbogbo ẹ̀kọ́ wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, fídíò á kún kọ̀ǹpútà yín. Ẹ mú ìṣirò nìkan ná, kí ẹ sì wo ojú-ewé olùkọ́ lẹ́yìn kíláàsì kọ̀ọ̀kan.