Dígí tó ń tẹ̀lé oòrùn àti páìpù ìmọ́lẹ̀: èwo ni kí ẹ rà fún ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yín ní Àbújá?

Télọ̀ ni mí. Òwú dúdú àti òwú búlúù tó ṣú ló sọ mí di ẹni tó ń wá oòrùn rà. Ìsàlẹ̀ pátápátá ní pláàsà alájà mẹ́rin kan ní Utako ni ṣọ́ọ̀bù mi wà nígbà yẹn, yàrá ẹ̀yìn tí kò ní ju fèrèsé kan lọ, ìyẹn náà sì dojú kọ àgbàlá kótópó tó wà láàárín ilé. Abẹ́ gílóòbù la ti rán agbádá mẹ́fà fún ìdílé kan tó ń ṣe ìgbéyàwó. Ọjọ́ tí ìyá ìyàwó wá kó wọn, ó gbé ọ̀kan jáde sẹ́nu ọ̀nà, ó tẹ́ ọrùn rẹ̀ sí oòrùn, ó ní, "Ọ̀gá télọ̀, ẹ wá wo nǹkan." Òwú búlúù la fi ṣiṣẹ́ ọrùn mẹ́rin, òwú dúdú la fi ṣe méjì. Lábẹ́ gílóòbù, ọ̀kan náà ni wọ́n. A tú u, a tún un ṣe, n kò sì rí kọ́bọ̀ gbà lé e.

Bí ẹ bá ní ẹ ń wá ohun tí yóò gbé oòrùn wọ inú ilé gíga, nǹkan mẹ́ta ni àwọn ọlọ́jà yóò kó síwájú yín: dígí ńlá tí mọ́tò ń yí láti àárọ̀ dalẹ́ kó lè máa sọ oòrùn sísàlẹ̀, páìpù tí inú rẹ̀ ń dán gbinrin, tó gba òrùlé wọ yàrá, àti pẹpẹ dídán tí wọ́n ń kàn mọ́ fèrèsé, kó máa ta ìmọ́lẹ̀ sókè sára síìlìn. Owó mi ni mo fi ra méjì àkọ́kọ́. Ẹ̀kẹta, ọ̀rẹ́ mi kan ló ní in ní Garki, mo sì ti jókòó lábẹ́ rẹ̀ títí. Ẹ̀kẹrin wà tó ń fi okùn gíláàsì tín-ín-rín fa oòrùn wọlé, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹni tó rà á nítòsí, nítorí náà ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ẹni tó ta dígí fún mi mọ ọ̀rọ̀ sọ. Orí fóònù ló ti fi ìlú Rjukan ní Nọ́wè hàn mí. Òkè yí ìlú yẹn ká débi pé oòrùn kì í dé gbàgede wọn fún bí oṣù mẹ́fà lọ́dún, títí wọ́n fi gbé dígí mẹ́ta sórí òkè ní 2013. Ó fi Viganella ní Ítálì hàn mí, àwọn yẹn ti ṣe tiwọn láti 2006. Ó tún mú ilé ìfowópamọ́ HSBC ní Hong Kong wá, tí wọ́n fi dígí sí lára ní nǹkan bí ọdún 1985 kó lè máa kó oòrùn wọ àárín ilé. Gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ òótọ́. Èmi ni n kò bi í bóyá ọyẹ́ máa ń fẹ́ ní Rjukan.

Ẹ jẹ́ kí n dúró síbí díẹ̀, nítorí ibí ni owó mi rì sí.

Àbújá wà ní nǹkan bíi dígírì 9 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé. Ìdí nìyẹn tí oòrùn fi máa ń bọ́ sí àtàrí wa gan-an lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ní àárín oṣù kẹrin àti ní ìparí oṣù kẹjọ. Tó bá ti di agogo méjìlá ààbọ̀ ọ̀sán nígbà náà, oòrùn fúnra rẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀ sínú àgbàlá wa, á dé ilẹ̀, kò sí ẹni tó ń bẹ dígí. Oṣù kejìlá àti oṣù kìíní ló máa ń fì sí gúúsù, tí ògiri á sì gbà á mọ́ wa lójú. Àwọn oṣù yẹn gan-an ni ọyẹ́ ń dé láti aṣálẹ̀, láti ìhà Chad lọ́hùn-ún, pẹ̀lú eruku tó kúná bí èlùbọ́. Oṣù tí dígí ì bá wúlò fún mi ni oṣù tí eruku gbà á lọ́wọ́ mi.

Ọ̀nà méjì ni eruku yẹn ń gbà bá a jà. Dígí kò lè darí ohun mìíràn síbi tí ẹ fẹ́ ju ìtànṣán tó ń bọ̀ tààrà láti ojú oòrùn lọ. Bí eruku bá kún ojú ọ̀run, ìtànṣán á fọ́nká, òkè á funfun bí omi ògì. Ìmọ́lẹ̀ wà níta o, ṣùgbọ́n kò ní ojú kan tó ti ń bọ̀, dígí á kàn máa wòran ni. Ìkùukùu òjò náà ń ṣe é bẹ́ẹ̀ láti oṣù kẹfà títí dé oṣù kẹsàn-án. Lẹ́yìn èyí, eruku náà á tún bà lé e. Ọjọ́ kẹta tí a nù ún, mo fi ìka kọ orúkọ mi sára rẹ̀, mo sì kà á tán láti orí àtẹ̀gùn.

Ta ni yóò máa gun òrùlé lọ nù ún? Kí ẹ bi ara yín ní ìbéèrè yìí kí ẹ tó béèrè iye owó. Mẹ́gàdì wa, ọmọ Katsina, ló gbà á ṣe fún mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo ń san owó iṣẹ́ fún un, mo sì ń ra báàgì píọ̀ wọ́tà méjì sí i, torí omi bọ́ọ̀hóòlù pláàsà wa máa ń fi àpá funfun sílẹ̀ lára dígí bó bá gbẹ. Ẹ gbọ́ ọ: píọ̀ wọ́tà ni mo fi ń wẹ dígí. Lọ́jọ́ kan ó kánjú, ó fi tówẹ́ẹ̀lì gbígbẹ nù ún. Iyanrìn wà nínú eruku ọyẹ́. Ó ha ojú dígí yípo-yípo bí ìdí ìkòkò tí wọ́n fi eérú fọ̀. N kò lè bá a jà. Òun kan náà ló ń pè é ní "madubi ọ̀gá", ìyẹn dígí ọ̀gá ní èdè Haúsá, tó sì ń bá mi ṣọ́ ọ lóru.

Nígbà tó di oṣù kejì, mọ́tò kọṣẹ́. Dígírì 15 ni oòrùn ń rìn ní wákàtí kan, dígí sì gbọ́dọ̀ máa yí ní nǹkan bí ìdajì ìyẹn kí ìmọ́lẹ̀ tó lè dúró sójú kan. Bí dígí bá dúró, ìmọ́lẹ̀ ni yóò máa rìn. Láti òrùlé dé ìsàlẹ̀ ilé wa tó mítà 12. Ní ìwọ̀n yẹn, láàárín wákàtí kan, ìmọ́lẹ̀ á ti fi ohun tó lé ní mítà mẹ́ta kúrò ní àyè rẹ̀. Tèmi gun ògiri, ó gba fèrèsé wọ ọ́fíìsì amòfin kan ní àjà kẹta, ó lọ jókòó sójú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó kọ lẹ́tà sí mi. Lẹ́tà amòfin, lórí oòrùn! Mo tilẹ̀ dúpẹ́ pé dígí pẹlẹbẹ ni tèmi. Èyí tó bá tẹ̀ kòtò bí abọ́ lè jó nǹkan: ní 2013, ilé gíga kan ní Fenchurch Street ní Lọ́ńdọ̀nù tí ara rẹ̀ tẹ̀ bẹ́ẹ̀ ta oòrùn sí ọkọ̀ kan tí wọ́n páàkì, ara ọkọ̀ náà sì yọ́ níbì kan.

Nígbà tí àyè ṣófo lókè, mo kó lọ sí àjà òkè pátápátá, mo sì ra páìpù méjì tí fífẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 35. Kò ní mọ́tò, kò ní wáyà. Orí rẹ̀ rí rogodo bí abọ́ tí wọ́n dà dé, ó yọ lórí páànù òrùlé. Ìdí rẹ̀ jẹ́ àwo funfun kan lára síìlìn tó ń tú ìmọ́lẹ̀ ká. Eruku ń bà lé òun náà, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ojú ọ̀run ló ń gbà wọlé, kì í ṣe ojú oòrùn nìkan, nítorí náà ìmọ́lẹ̀ tí ọyẹ́ fọ́nká ṣì ń rí ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ mi. Láti oṣù kọkànlá dé oṣù kejì tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mejì péré la nù ún. Láàárọ̀ tí ọyẹ́ bá ti gbé òkè Aso mì, tí ẹ kò rí i mọ́, èmi ń fi òwú bọ abẹ́rẹ́ láì tan iná.

Oòrùn wa náà bá a lára mu, torí ó máa ń ga. Èyí tó bá sọ̀ kalẹ̀ láti àtàrí kì í fara kan ẹ̀gbẹ́ páìpù tó nǹkan kó tó bọ́ sínú yàrá. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ fowó kún un fún èyí tí wọ́n gé orí rẹ̀ lọ́nà pàtàkì láti máa mú oòrùn tó rẹlẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún àwọn ará Nọ́wè.

Ohun tí ẹ ní láti fojú sí ni inú rẹ̀. Oòrùn agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ máa ń gbá ẹ̀gbẹ́ páìpù mítà mẹ́ta bíi tèmi ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá kó tó dé ìdí. Bí inú páìpù bá ń dá 98 nínú 100 padà nígbà kọ̀ọ̀kan, nǹkan bí 82 ni yóò kù lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Bó bá jẹ́ 90 ló ń dá padà, 35 péré ni yóò kù. Ní Dei-Dei, ọjà ohun èlò ìkọ́lé wa, ẹni tó gbọ́n lè ká páànù alumíníọ̀mù lásán fún yín kó ní ọ̀kan náà ni, bí ẹ sì ṣe ń wò ó nílẹ̀, á máa dán yanran. Ẹ béèrè ìwé tó kọ ìwọ̀n yẹn sí. Bí kò bá sí ìwé, ẹ máa lọ.

Ó jò lẹ́ẹ̀kan, ní òjò àkọ́rọ̀. Ẹ̀bi ẹni tó gé páànù ni, wákàtí méjì ló gbà wá láti tún un ṣe.

Pẹpẹ fèrèsé ló dínwó jù, ọwọ́ sì lè nù ún láti inú ilé. Kò lè gbé ìmọ́lẹ̀ jìnnà púpọ̀ sí fèrèsé. Ìhà gúúsù nìkan ni wọ́n kàn án sí fún ọ̀rẹ́ mi, bí ẹni pé Jámánì ni Garki wà, bẹ́ẹ̀ ìhà àríwá ni oòrùn ọ̀sán tiwa ń gbà kọjá ní oṣù karùn-ún sí oṣù keje.

Àwọn nǹkan tó kù: kò sí ìkankan tó ń ṣiṣẹ́ lóru, ẹ má ta ínfátà yín. Ní ti ooru, n kò rí ìyàtọ̀ tó yẹ ká sọ. Ẹ gba àṣẹ onílé kí ẹ tó lu òrùlé rẹ̀.

Ká má ṣojúsàájú, dígí ní àyè tirẹ̀. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, òun nìkan ló lè sọ oòrùn sí ìsàlẹ̀ ilé alájà mẹ́wàá. Páìpù kò lè ṣe é, àfi bí àwọn tó wà ní gbogbo àjà tó kù bá gbà kó gba àárín yàrá wọn kọjá. Bí ilé bá jẹ́ tiyín látòkè délẹ̀, tí ẹ ní òṣìṣẹ́ tó ń gun òrùlé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹni tó mọ mọ́tò tún ṣe ní tòsí, àti aládùúgbò tí kì í ṣe amòfin, ẹ rà á. Ẹni tó bá wà ní àjà òkè, bí ọ̀pọ̀ nínú àwa tó ń háyà ṣe lè rí i gbà bí a bá wá a, kó ra páìpù. Ẹni tó bá wà láàárín, kó kan pẹpẹ mọ́ fèrèsé ìhà àríwá àti ti ìhà gúúsù, kó sì kun síìlìn rẹ̀ ní ọ̀dà funfun.

Dígí tèmi ṣì wà. Mo ti gbé e sínú yàrá tí àwọn oníbàárà ti ń wọ aṣọ wò, ìmọ́lẹ̀ páìpù kejì sì ń bọ́ sí iwájú rẹ̀ gẹ́lẹ́. Wọ́n ní àpá tówẹ́ẹ̀lì yẹn kì í jẹ́ kí ikùn hàn jù. Mọ́tò rẹ̀ wà lábẹ́ tábìlì ìgé-aṣọ; ẹni tó bá fẹ́ ẹ kó wá gbé e.