Ọ̀pá gíà katakata mi tó kán, àti bí wẹ́dà ṣe bá mi jó o

Wẹ́dà tó bá ní òun fẹ́ jó ọ̀pá gíà yín lórí katakata níbẹ̀, láì tú u, ẹ dá a dúró. Iná yẹn lè gba inú ọ̀tánétọ̀ (ẹ̀rọ tó ń fi iná sínú bátìrì) àti bíárìn kọjá kó sì bà wọ́n jẹ́.

Massey Ferguson 375 ni tèmi. Ọ̀pá gíà ńlá rẹ̀ kán mọ́ dírẹ́bà lọ́wọ́ lọ́nà Ìsẹ́yìn, nígbà tí àkọ́rọ̀ òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé tí gbogbo àgbẹ̀ ń wá ẹni tó máa túlẹ̀. Òkè orí róbótó tó jókòó sínú ìdérí gíábọ́ọ̀sì ló ti kán. Ẹnìkan ti jó ibẹ̀ rí kí n tó rà á. Ìgbà tó kán tán ni àṣírí tú: etí nìkan ni iná mú, àárín ti dípatà tipẹ́.

Wẹ́dà tí mo gbé e lọ bá ò kánjú tan iná. Ó ní kí mẹkáníìkì tó tú u fi àkísà mímọ́ dí ojú gíábọ́ọ̀sì, torí bí nọ́ọ̀tì kan bá já síbẹ̀, gbogbo rẹ̀ la máa tú. Ó yọ sípíríǹgì àti rọ́bà kúrò (sípíríǹgì tí iná bá mú rọ̀ ti kú nìyẹn). Ó wá to apá méjèèjì pọ̀ bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀, ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kọjá lára wọn. Èyí ló wù mí jù, torí bí ọ̀pá bá yí díẹ̀ péré, ẹ ó rò pé ẹ ti wà ní gíà kejì, ìka rẹ̀ nísàlẹ̀ tó ń ti gíà ò tíì débẹ̀.

Ó fi gráńdà gbẹ́ ẹnu méjèèjì ṣóńṣó bíi pẹ́ńsù, ó jó àárín kó tó kó irin yí i ká. Bó bá jó ìpele kan, á họ èépá rẹ̀ kúrò kó tó jó òmíràn. Irin ìjórin (electrode) tó lò kì í ṣe gauge 12 tí wọ́n fi ń jó géètì; 7018 ni, inú páálí gbígbẹ ló sì ti fà á yọ. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ti gbé omi dé, ó lé e padà. Eérú ló ri ọ̀pá náà mọ́ títí ó fi tutù fúnra rẹ̀.

Ohun tó bí mi nínú ni pé a ti ná an tán kó tó ní kí n ra epo jẹnẹrétọ̀ lọ́tọ̀. Ojú ibi tó jó náà rí wúruwùru. Ìsàlẹ̀ tí orí róbótó ti ń yí nìkan ló dán.

Òun náà ló bi dírẹ́bà mi bóyá gíà máa ń ké kó tó wọlé. Dírẹ́bà wojú mi. Kílọ́ọ̀ṣì ni kì í jọ̀wọ́ tán, ó sì ti ń fipá ti gíà tipẹ́. A tún ẹsẹ̀ kílọ́ọ̀ṣì ṣe kí a tó dá ọ̀pá padà sáyè rẹ̀.

Katakata náà túlẹ̀ gbogbo àkókò òjò yẹn, gíà ń wọlé wẹ́rẹ́. Mo ṣì ń bá àwọn tó ń ta ọ̀pá gíà tòkunbọ̀ sọ̀rọ̀, àmọ́ kò ká mi lára mọ́. Bó bá jẹ́ orí róbótó gan-an ni tiyín ti kán, mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ jó o. Ẹ wá òmíràn rà.