Àpò Ilé-Ìwé fún Ọmọ Ogúnléndé: Iṣẹ́ Ẹgbẹ́ Aláàánú Kan ní Àjàṣẹ́

Ẹgbẹ́ aláàánú kan wà ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) tó máa ń pín àpò ilé-ìwé fún àwọn ọmọ tí ogun lé wá láti apá àríwá Bẹ̀nẹ̀. Mo máa ń bá wọn dáwó, mo sì ti wà níbi tí wọ́n ti ń pín in, ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ sọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí fún ẹni tó bá ń rò ó pé kí òun náà lọ́wọ́ sí i. Mi ò ní dárúkọ ẹgbẹ́ náà, nítorí pé mo ní ẹ̀sùn díẹ̀ sí wọn, iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni mo sì fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò.

Láti ìparí ọdún 2021 tí àwọn agbésùnmọ̀mí ti ń kọlu àwọn ọmọ ogun wa ní Àtàkórà àti Àlìbórì, ẹkùn méjì ní àríwá, ni ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń fi abúlé wọn sílẹ̀, tí àwọn mìíràn sì ń ti Bùrkínà Fasò sá wọlé. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, ìjọba kéde pé ọmọ ogun 54 ló kú nínú ìkọlù kan ṣoṣo. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó sá kò kúrò ní àríwá, ṣùgbọ́n àwọn kan ní ẹbí tàbí ojúlùmọ̀ ní ìhà ọ̀dọ̀ wa, wọ́n sì kó ọmọ wọn wá. Òótọ́ ni pé láti ọdún 2006 ni a kò ti san owó ilé-ìwé mọ́ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba, àmọ́ ìwé, síléètì, gègé àti aṣọ ṣì wà lọ́rùn òbí, òbí tó sì sá kúrò nílé lóru kò mú owó àwọn nǹkan wọ̀nyí dání.

Ohun tó wú mi lórí jù lọ nínú iṣẹ́ yìí ni aṣọ. Kákì ni ọmọ ilé-ìwé ìjọba ń wọ̀ lọ́dọ̀ wa, bí ọmọ kan kò bá sì ní i, gbogbo kíláàsì ló ti mọ̀ pé àjèjì ni. Ẹgbẹ́ yìí kì í ra kákì tí wọ́n ti rán sílẹ̀ kí wọ́n kàn fi í sínú àpò. Aránṣọ ni wọ́n máa ń mú wá sí àgbàlá, yóò wọn èjìká, apá àti ìbàdí ọmọ kọ̀ọ̀kan, wọn yóò sì kọ orúkọ ọmọ náà sí ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀n rẹ̀. Mo rí ọmọbìnrin kan tó na apá rẹ̀ gbọọrọ fún okùn ìwọ̀n, tí kò sì fẹ́ gbé e wálẹ̀ mọ́ nígbà tí aránṣọ ti wọ̀n ọ́n tán. Ìyá rẹ̀ ṣàlàyé fún wa pé láti ìgbà tí àwọn ti kúrò nílé, kò tíì sí aṣọ kan tí ọmọ náà wọ̀ tí ẹlòmíràn kò ti wọ̀ ṣáájú rẹ̀. Kò sí owó tí mo dá rí tí inú mi dùn sí bí èyí tó bá iṣẹ́ aránṣọ yẹn lọ.

Irú ẹgbẹ́ báyìí kì í ṣe tuntun láyé. Paul Harris ló dá Rotary sílẹ̀ ní Chicago ní ọdún 1905, Kiwanis tẹ̀ lé e ní 1915, Lions sì dé ní 1917. Inú ẹgbẹ́ Rotary kan ní Cornwall, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ètò ShelterBox ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2000, èyí tó ń fi àgọ́, kúbùsù, ohun ìdáná àti iná tó ń fi agbára oòrùn tàn ránṣẹ́ sí àwọn tí ogun tàbí àjálù lé kúrò nílé. Èyí wúlò púpọ̀ níbi tí ènìyàn ti ń sùn síta gbangba. Ní Àjàṣẹ́ ńkọ́? Inú yàrá ẹbí ni àwọn tí à ń sọ̀rọ̀ wọn wà, ẹni márùn-ún lórí ẹní kan, nítorí náà, ẹgbẹ́ yìí, tó béèrè lọ́wọ́ wọn ní tààràtà pé kí ni wọ́n ń fẹ́, tó sì gbọ́ pé ilé-ìwé ọmọ ni, ṣe ohun tó tọ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ibi tó kù sí. Àkọ́kọ́, wọ́n máa ń pẹ́. Ìwọlé ilé-ìwé máa ń wáyé nínú oṣù Kẹsàn-án, àpò wọn sì lè má dé títí oṣù Kẹwàá fi máa lọ sópin. Ọmọ tí kò gbọ́ èdè Faransé dáadáa, tó jẹ́ pé Fúlàní tàbí Gourmantché ni wọ́n ń sọ nílé wọn, kò yẹ kó tún jókòó láìní ìwé ní gbogbo ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn. Ẹlẹ́ẹ̀kejì ló dùn mí jù. Bí wọ́n bá pín àpò tán, wọ́n máa ń to àwọn ọmọ jọ, wọ́n á ya fọ́tò wọn, ojú gbogbo wọn á hàn gedegbe, wọ́n á sì gbé e jáde fáyé rí. Àwọn tó lé ìdílé wọ̀nyí kúrò nílé ṣì wà láàyè, wọ́n sì ní fóònù lọ́wọ́. Ó yẹ kí wọ́n ya ọwọ́ aránṣọ, kí wọ́n ya àpò, kí wọ́n fi ojú ọmọ sílẹ̀. Mo ti bá wọn sọ ọ́, n ó sì tún máa sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ ìwé ìbí náà ń bẹ nílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ yìí kò ní i, bóyá ó jóná ni o, bóyá wọn kò gbà á rí ni o, bẹ́ẹ̀ ìdánwò àṣejáde alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń bọ̀ wá béèrè rẹ̀. Bí ẹgbẹ́ náà bá lè rí agbẹjọ́rò kan láàárín ara wọn tí yóò tẹ̀ lé òbí lọ sí kóòtù láti gba ìwé náà, ohun tí wọ́n ṣe yóò pẹ́ lára ọmọ ju àpò lọ.

Àwa tí a jẹ́ ọmọ Kétu kò gbọdọ̀ wo ọ̀rọ̀ yìí bí ọ̀rọ̀ àwọn ará òkè lásán. Ní ọdún 1886, ogun Dàhòmì fọ́ ìlú wa, wọ́n kó àwọn baba ńlá wa lẹ́rú lọ sí Agbómẹ̀, olú-ìlú Dàhòmì, ìgbà tí àwọn Faransé sì ṣẹ́gun Dàhòmì ni àwọn tó kù rí àyè padà wá tún ilé kọ́. Inú mi dùn pé ọmọ Kétu pọ̀ nínú àwọn tó ń dáwó fún àpò yìí.

Mo fọwọ́ sọ̀yà pé owó tí ẹ bá fún wọn yóò dé ọ̀dọ̀ ọmọ, nítorí wọ́n máa ń ka ìnáwó wọn síta fún gbogbo ẹni tó dáwó, dórí iye òwú. Ẹ tètè fún wọn kó tó di oṣù Kẹjọ, kí aránṣọ lè ráyè ṣiṣẹ́. Ẹ má ṣe kó àlòkù aṣọ lọ, èyí tó wà nílẹ̀ ti pọ̀ jù. Bí ẹ bá sì ti ń fún wọn, ẹ sọ fún wọn pé ẹ kò fẹ́ fọ́tò.